Ẹni Tó Wà Nínú Gíláàsì Oṣù Ẹrẹ́nà

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí, kò sí ohun tó ń já mi láyà tó ogiri pálọ̀ bàbá mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i. Bí mo bá ń gbé oúnjẹ kọjá, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Kàlẹ́ńdà kan ló wà lára ogiri náà. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo fi tẹ̀rín-tọ̀yàyà gbé e fún bàbá mi, èmi náà ni mo di àga mú nígbà tó gun orí rẹ̀ láti kàn án. Ọ̀rọ̀ mi wá di àfọwọ́fà.

Nùsáybà ni orúkọ mi. Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, Alhaji Gbàdàmọ́sí, ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Main Market láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ó sì gbọ́ Igbo débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ń jiyàn pé kì í ṣe ará Ọ̀yọ́. Àwòrán yíyà ni iṣẹ́ tèmi. Lọ́dọọdún, mo máa ń ṣa àwòrán méjìlá jọ, màá fi ṣe kàlẹ́ńdà ogiri, màá gbé e fún ilé ìtẹ̀wé, màá sì polówó rẹ̀ lórí ayélujára. Ẹni tó bá rà á lókèèrè, màá fi ránṣẹ́ sí i láti gáréèjì. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi. Èmi ni ọ̀gá, èmi ni ọmọṣẹ́, bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, mo mọ ẹni tí mo fẹ́ bú.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́, obìnrin kan tó ra mẹ́ta ní Ìlọrin kọ̀wé sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Kàlẹ́ńdà. Àwòrán yín rẹwà. Bọ̀dá wo ló wà nínú gíláàsì oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, tó ń bá yín di híjáàbù mú? Ṣé ọkọ yín ni?"

Gíláàsì wo? Mo fa ẹyọ kan yọ nínú páálí, mo ṣí i dé Ẹrẹ́nà. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì létí títì ní Umunya ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì ńlá kan. Mo gbé ojú sún mọ́ ọn. Lára gíláàsì náà ni mo ti rí ara mi, kámẹ́rà lójú, Muadh, tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò tíì mọ̀, sì dúró lẹ́yìn mi. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà le, ó fi ọwọ́ kan di etí híjáàbù mi mú kó má bàa bo kámẹ́rà. Ojú rẹ̀ hàn kedere, ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì hàn pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ẹni tó kàn mọ̀.

Mo jókòó sórí páálí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Ẹni tó ń bá mi tẹ kàlẹ́ńdà ti bi mí bóyá kí òun kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá, ọdún ti ń parí lọ, kó tẹ gbogbo ẹ̀. Orí fóònù mi ni mo ti yẹ àwòrán wò, fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí ogiri ni àwọn èèyàn yóò sì ti máa wò ó. Lọ́jọ́ tí mo ya àwòrán náà, mo sọ fún Bàbá pé mò ń lọ gbé ọjà fún oníbàárà ní Omagba. Ẹni tó bá mọ Onitsha mọ̀ pé wọn kì í gba Umunya lọ sí Omagba.

Èyí tó wá burú jù ni oṣù tó bọ́ sí. Àwẹ̀ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Èrèlé, Ẹrẹ́nà ni yóò parí sí. Mo ti fi ọgbọ́n orí mi tẹ àkókò ìṣínu ojoojúmọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Ilé ogójì lára àwa Mùsùlùmí Yorùbá tó wà ní Onitsha ló gbé kàlẹ́ńdà náà kọ́, wọn yóò sì máa wo ojú ewé yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ebi nínú, ojú lójú rẹ̀.

*

Ọdún tó ṣáájú ni mo mọ Muadh. Kàlẹ́ńdà náà ló fà á. Ó ra ẹyọ kan láti orí Insitagíráàmù mi, ọjọ́ kejì ló kọ̀wé sí mi.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, oṣù Okúdù yín ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣé wọn yóò san owó oṣù wa lọ́jọ́ yẹn ni?"

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ojú tì mí, mo ní màá dá owó rẹ̀ padà.

"Mi ò fẹ́ owó," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ kan sí i."

Mo tẹ bébà kékeré kan tí màá fi lẹ ọjọ́ tí kò sí náà, mo sì kó gbogbo ìyókù lọ sílé Ìyá Zàhrát, opó ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, nítorí ibẹ̀ láyè. Muadh wá bá wa lẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, báńkì kan ló gbé e wá sí ẹ̀ka wọn ní GRA. Ó lẹ bébà títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ìyá Kàlẹ́ńdà, ẹ bá mi wá àṣìṣe mìíràn ṣe, kí n lè rí ohun tí màá tún wá lẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ ẹ, àmọ́ mi ò sọ.

Ìdí tí mi ò fi sọ ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sùmáyyà. Ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ gbé wá sí Onitsha ni òun náà fẹ́. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, lẹ́tà dé pé kó máa lọ sí òkè Ọya. Ọkùnrin náà ti lẹ́tà bọ àpò, ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnu ẹni tó wá gbé fíríìjì tí ọkọ náà tà ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ní òun yóò ṣáájú lọ wá ilé, oṣù mẹ́ta péré, òun á wá mú un. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti padà sílé wa.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ìyàwó tuntun náà dé, bàbá mi búra lójú gbogbo wa. "Wallahi, ẹni tí lẹ́tà kan lè gbé kúrò nílùú kò ní fẹ́ ọmọ mi mọ́."

Muadh rèé, lẹ́tà ló gbé e wá.

*

Ìyá Zàhrát ni alárinà wa. Òun ló ti ṣe alárinà yìgì mẹ́fà nínú mọ́ṣáláṣí wa, bàbá mi sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ètò rẹ̀ ni pé kí a dúró di ẹ̀yìn Ìtúnu, nígbà tí inú àwọn àgbà bá rọ̀, kí òun tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Mo gbé kàlẹ́ńdà náà tọ̀ ọ́ lọ.

Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀.

"Nùsáybà, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Bí àwọn èèyàn bá fojú rí i kí n tó fẹnu sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Alhaji? Pé ọkùnrin kan fẹ́ wá yọjú, àbí pé ó ti yọjú tán nínú gíláàsì?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà! Lọ tún ojú ewé yẹn tẹ̀. Fi nǹkan mìíràn síbẹ̀ tí kò ní ojú, tí kò ní ẹnu."

Mo fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan létí odò Ọya rọ́pò rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó rà á pé àṣìṣe kékeré kan wà ní Ẹrẹ́nà, pé ewé tuntun ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ya ti àtijọ́ dànù. Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbà? Obìnrin kan ní Omagba dá mi lóhùn pé, "Wetin do the old one? I like am like that. Na your husband be that?" Mo sọ fóònù sórí ibùsùn. Ilé méjìdínlógójì nínú ogójì ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi dé, mo ń ya ewé, mo ń lẹ ewé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rẹ́rìn-ín sí mi ní ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, màá rò pé ó ti rí i.

Méjì tó kù jẹ́ ti bàbá mi. Mo pààrọ̀ ti ilé nígbà tó wà lọ́jà. Ti ṣọ́ọ̀bù ló wá di wàhálà, nítorí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Bàbá máa ń jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi ìgboyà sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé kàlẹ́ńdà yẹn. Mo fẹ́ pààrọ̀ ewé kan."

"Kí ló ṣe é?"

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, sà."

Ó gbójú sókè wò mí. "Fi í sílẹ̀. Oníbàárà wà níwájú mi." Ó yíjú sí obìnrin tó ń yẹ ìkòkò wò, ó fi Igbo ní kó wá mú èyí tó wà lọ́wọ́ òun. "Nne, bịa, bịa were nke a."

Mo jáde. Mo ti purọ́ fún bàbá mi lójúkojú, kò sì dí mi lọ́wọ́ láti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyẹn gan-an tún dẹ́rù bà mí.

*

Ní ọjọ́ kejì àwẹ̀, Muadh pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dọ́gba. Mo lọ bá a nínú mọ́tò rẹ̀ ní iwájú ibi iṣẹ́ wọn ní GRA, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bébà kan wà lórí itan rẹ̀.

"Nùsáybà, lẹ́tà ti dé."

Mi ò bi í lẹ́tà wo.

"Yola. Ọjọ́ kìíní oṣù Igbe ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Nígbà wo ni wọ́n fún ẹ?"

"Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo gbà á tí mo fi pè ẹ́. Mo fẹ́ lọ bá Bàbá lónìí."

"Láéláé! Ìyá Zàhrát ní ká dúró di ẹ̀yìn Ìtúnu."

"Ìtúnu ku oṣù kan. Kí n máa wọlé, kí n máa jáde nílùú yìí, kí n máa kí bàbá rẹ ní mọ́ṣáláṣí, kí lẹ́tà sì wà lápò mi?"

"Muadh, bí o bá fẹ́ràn mi, dákẹ́ ná."

Ó wo bébà orí itan rẹ̀. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà dákẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mi ò wẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń gbààwẹ̀, mo ń sunkún, mo sì ń ro tibi ro tire. Bóyá òtítọ́ ló fẹ́ sọ, bóyá ó kàn fẹ́ kí Bàbá lé òun, kí òun lè lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Báwo ni obìnrin ṣe ń mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi lóye jù mí lọ, kò sì mọ̀.

*

Ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà bọ́ sí Sọ́ńdè. Ìṣínu ku díẹ̀. Àǹtí Sùmáyyà ń to dàbínù sínú àwo, èmi ń bu àkàmù. Bàbá dìde, ó lọ sídìí ogiri, ó ṣí ewé Èrèlé sẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀.

"Nùsáybà."

"Bàbá mi."

"Ọkọ̀ ojú omi ni mo rí níbí. Mo ṣí ti ṣọ́ọ̀bù lánàá, ìyá oníbúrẹ́dì ni mo bá níbẹ̀. Kí ló dé tí kàlẹ́ńdà kan fi di méjì?"

Ṣíbí jábọ́ lọ́wọ́ mi. Irọ́ náà ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu mi, àṣìṣe ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì ti gbà á lẹ́ẹ̀kan rí. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe mẹ́rin. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí rí. Mi ò lè sọ ọ́.

"Èmi ni mo wà nínú gíláàsì yẹn, Bàbá," mo ní. "Èmi àti ọkùnrin kan."

"Gíláàsì wo?"

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bàbá mi kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kò ríran súnmọ́ mọ́. Ọlọ́jà ni, ó rí ọjà kan náà tí kò jọra, ó bi mí léèrè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìbẹ̀rù láti Ṣẹ́rẹ́, gbogbo ilé tí mo ń kàn kiri! Mo ṣì lè yí i padà. Mo ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Mo wọ yàrá, mo mú ẹ̀dà tèmi wá, mo ṣí i sí Ẹrẹ́nà, mo kúnlẹ̀. Bàbá wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì wo àwòrán náà títí wọ́n fi pe ìrun. Ó jẹ dàbínù kan, ó mu omi, ó lọ kírun. Kò fọwọ́ kan àkàmù.

Nígbà tó kírun tán, ó ní, "Ọmọ ta ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ Umunya, mo sọ Omagba tí mi ò lọ, mo sọ báńkì.

"Báńkì ló gbé e wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n sì tún ti ń gbé e lọ. Lẹ́tà ti dé. Yola ni."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ilé yóò wó lù mí. Àǹtí Sùmáyyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ nípa lẹ́tà náà?"

"Ọjọ́ tó gbà á. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbà á tó fi pè mí. Ó fẹ́ wá bá Bàbá lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ní kó dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí Bàbá. "Ẹ gbọ́, sà. Èmi ìyàwó ilé, ẹni tó wá gbé fíríìjì ló sọ fún mi."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Sọ fún un kó wá lọ́la. Kó mú lẹ́tà náà dání. Kí Ìyá Zàhrát náà wá, nítorí ó dá mi lójú pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ yìí."

*

Muadh dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òógùn ti mú ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ tutù. Bàbá gba lẹ́tà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀rù kò bà ẹ́ láti mú un wá?"

"Ó ń bà mí, sà. Ó ń bà mí báyìí."

"O mọ̀ pé mo ti búra?"

"Mo mọ̀, sà. Bàbá, mo ṣèlérí fún yín pé..."

"Má ṣèlérí! Ẹni àkọ́kọ́ ṣèlérí dáadáa." Bàbá ká lẹ́tà náà. "Ilé ńkọ́, ní Yola?"

"Mo ti gba yàrá méjì, sà. Ọ̀rẹ́ kan ló bá mi gbà á, lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá! Nígbà tí èmi ń bínú, tí mo ń fi ojú burúkú rò ó. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ta ló ti fún ẹ ní ìyàwó tí o fi gba yàrá méjì?" Bàbá bi í.

Ìyá Zàhrát wúkọ́, ó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ìrètí ni."

Bàbá wo Àǹtí Sùmáyyà tó jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí lẹ́ẹ̀kan pé ó gbà.

"Ó dáa. Kí àwọn òbí rẹ wá láti Ìsẹ́yìn lẹ́yìn Ìtúnu. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, a ó so yìgì. Àmọ́ mi ò ní gba kí ọkọ ṣáájú lọ kí ìyàwó máa retí. Ọkọ̀ kan náà ni ẹ ó wọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kò gba ẹni méjì, má lọ." Ó yíjú sí Ìyá Zàhrát. "Ní ti ìbúra mi, màá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí i láti fi san án. Mo ti ń gbà á lọ tẹ́lẹ̀."

Ìyá Zàhrát fẹ́ kí gúdà, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin, ó rántí ibi tó wà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Muadh kò dìde nílẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé omi fún Bàbá. Ó ṣì jókòó síbi tó wà, gíláàsì ojú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Yola jìnnà," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo ronú nípa ìlú tí mi ò dé rí, èdè tí mi ò gbọ́, ilé tí mi ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀.

"Ó ń bà mí gan-an, Bàbá."

Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Lọ́jọ́ yìgì ti ẹ̀gbọ́n rẹ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹ̀rù ń bà."